Nọ́ọ̀bù boost nínú ọkọ̀ oní-tọ́bò: kí ló yẹ kó máa yí gan-an?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọkọ̀ mi ní ẹ́ńjìnnì lítà méjì oní-tọ́bò. Mo ti yọ kọ̀ǹpútà tó bá a wá, mo sì ti fi èyí tí èèyàn lè tò fúnra rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ojú ìsowáyà kan ṣẹ́ kù lára rẹ̀ tí mi ò tíì lò, tó ń ka fóltì láti 0 dé 5. Solenoid náà, ìyẹn fáàlù oníná tó ń ṣàkóso boost (prẹ́ṣọ̀ afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń tì sínú ẹ́ńjìnnì), ti wà níbẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ fi nọ́ọ̀bù kan sí dáṣíbọ́ọ̀dù kí n lè máa yí boost láti 0.4 bar dé 1.2 bar: kí ó kéré tí òjò bá ń rọ̀ tàbí tí ẹlòmíì bá fẹ́ wa ọkọ̀ náà, kí ó pọ̀ tí mo bá wà lórí pápá ìsáré. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má da ara mi láàmú, kí n ra fáàlù oní-sípíríǹgì tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Ẹlòmíì ní mo gbọ́dọ̀ ní àtẹ epo ọ̀tọ̀ fún ibi kọ̀ọ̀kan tí nọ́ọ̀bù bá lè dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ́ńjìnnì á bàjẹ́. Ta ni kí n gbọ́ nínú wọn?"

Ẹ ṣé tí ẹ sọ ohun tí ẹ ní lọ́wọ́ kí ẹ tó béèrè. Ọ̀pọ̀ tó ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí kì í sọ ju "mo fẹ́ nọ́ọ̀bù" lọ. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, nǹkan méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní ni bí wáyà nọ́ọ̀bù yóò ṣe wọ inú kọ̀ǹpútà. Ìyẹn ò le, iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Èkejì ni ohun tí nọ́ọ̀bù náà yóò máa yí nígbà tó bá ti wọlé tán, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ́ńjìnnì ti ń kú. Àwọn èèyàn á náwó nára sórí wáyà, wọ́n á ra nọ́ọ̀bù tó ń dán, wọn ò sì ní bojú wo èkejì rárá. Ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá. Nínú àwọn ọ̀rẹ́ yín méjèèjì, kò sí èyí tó purọ́, àmọ́ kò sí èyí tó sọ ọ́ délẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ibi tí àṣìṣe ti máa ń wọlé. Nọ́ọ̀bù ò lè mú boost wálẹ̀ kọjá ibi tí sípíríǹgì wastegate bá ní kó dúró. Èéfín tó ń jáde nínú ẹ́ńjìnnì ló ń yí tọ́bò. Wastegate ni ilẹ̀kùn tó ń jẹ́ kí díẹ̀ nínú èéfín náà gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, kí tọ́bò má baà sáré jù. Sípíríǹgì ló ń ti ilẹ̀kùn yìí pa, prẹ́ṣọ̀ tó ń gba inú róbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ láti ẹnu tọ́bò ló sì ń bá sípíríǹgì jà kí ilẹ̀kùn lè ṣí. Bí sípíríǹgì yín bá jẹ́ ti 0.6 bar, tí ẹ so róbà yẹn tààrà láìfi solenoid sí àárín, boost á dúró sí nǹkan bí 0.6. Solenoid ò lè dín in kù. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ ni pé kó tan wastegate jẹ: ó ń tú lára prẹ́ṣọ̀ tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dànù, kí ilẹ̀kùn má tètè ṣí, kí boost lè ga ju ti sípíríǹgì lọ. Ẹni tó bá rò pé tí òun bá yí nọ́ọ̀bù dé òdo, ọkọ̀ òun á di aláìní-tọ́bò, yóò kàn rí i pé 0.6 ló ń bá òun rìn.

Èyí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n, torí láti 0.4 dé 1.2 jìnnà síra wọn. Kí ẹ tó lè rí 0.4, ẹ nílò sípíríǹgì tó rọ̀ gan-an. Sípíríǹgì tó rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni yóò tún máa di ilẹ̀kùn náà mú ní 1.2, nígbà tí èéfín ń ti ilẹ̀kùn láti inú lọ́hùn-ún pẹ̀lú agbára. Bí solenoid bá tilẹ̀ tú gbogbo prẹ́ṣọ̀ inú róbà dànù tí wastegate ò gba nǹkan kan mọ́, sípíríǹgì nìkan ló kù, èéfín á sì ti ilẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ máa rí ni pé boost á dé 1.2 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí níwọ̀nba, á wá máa yọ̀ bọ̀ wálẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré sí i. Àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í retí ju ìlọ́po méjì agbára sípíríǹgì lọ lọ́wọ́ solenoid oní-ẹnu mẹ́ta. Ọ̀nà méjì ló wà. Bí wastegate yín bá jẹ́ èyí tó dá dúró lóde, tó ní ẹnu lókè àti nísàlẹ̀, solenoid oní-ẹnu mẹ́rin lè máa fi prẹ́ṣọ̀ sí òkè kó bá sípíríǹgì ti ilẹ̀kùn pa. Nígbà náà 0.4 dé 1.2 ṣeé ṣe. Bó bá jẹ́ èyí tó wà lára tọ́bò ni, ẹ gba 0.6 gẹ́gẹ́ bí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí nọ́ọ̀bù máa rìn láàárín 0.6 sí 1.2. Èmi á gba èkejì fún ọkọ̀ tí wọ́n ń wà káàkiri.

Ẹ bá mi wo ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe sí solenoid. Kì í ṣí i gbére, kì í sì í tì í gbére. Ó ń ṣí i, ó ń tì í, nǹkan bí ìgbà 20 sí 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí ẹ bá fi ọwọ́ kàn án nígbà tí wọ́n ń dán an wò, ẹ ó gbọ́ ọ tó ń dún tí-tí-tí bíi kòkòrò. Ìdá àsìkò tó fi wà ní ṣíṣí nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń pè ní duty. Bí duty bá ga, prẹ́ṣọ̀ tó ń dànù á pọ̀, boost á gòkè. Ìbáṣepọ̀ wọn kò tọ́ bí okùn: láti 0 dé bíi 20 lè má ṣe nǹkan kan, kí 40 sí 50 wá gbé boost fò lójijì. Ohun tó sì ṣe pàtàkì jù ni pé duty kan náà kì í mú boost kan náà wá lójoojúmọ́. Afẹ́fẹ́ tútù, afẹ́fẹ́ gbígbóná, orí òkè, ìsàlẹ̀, gíà kejì tàbí gíà kẹrin, gbogbo rẹ̀ ló ń yí i.

Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ẹni tó bá fẹ́ bá yín tò ó ni pé: nọ́ọ̀bù yìí, ṣé duty ni yóò máa yí ni, àbí àfojúsùn? Tó bá jẹ́ duty, tí nọ́ọ̀bù kàn ń sọ 40 di 60, ẹ ti fa wáyà láti ọwọ́ yín lọ sí ẹnu solenoid tààrà nìyẹn, kọ̀ǹpútà kàn dúró láàárín bí alárinà tí kò sọ̀rọ̀. Àmì "1.0" tí ẹ bá fi sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀bù lọ́sàn-án tí oòrùn mú lè di 1.15 ní ìdájí tí otútù mú. Tó bá jẹ́ àfojúsùn ni, nọ́ọ̀bù ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé "prẹ́ṣọ̀ tí mo fẹ́ nìyí," kọ̀ǹpútà á wo àtẹ duty tí ẹ ti tò fún àfojúsùn yẹn, á fi bẹ̀rẹ̀, á wá máa wo sẹ́ńsọ̀ prẹ́ṣọ̀, á máa fi kún un tàbí yọ nínú rẹ̀ títí yóò fi bá a. Mi ò tíì rí ìdí kan tó dára tí ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tó lè ṣe èkejì fi ń yan èkíní, àfi pé èkíní yá láti tò. Èkejì gba sùúrù: bí ẹ bá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ṣe àtúnṣe láti ìgbà tí boost ṣì wà nísàlẹ̀, á ti kó àtúnṣe jọ kó tó débẹ̀, boost á fò kọjá àfojúsùn. Ẹ ní kó dúró títí boost á fi kù díẹ̀, bíi 0.2 bar, kó dé àfojúsùn, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àtúnṣe.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín kejì ló kàn, ẹni tó ní ẹ nílò àtẹ epo ọ̀tọ̀ fún ibi kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń bà á lẹ́rù tọ́, ojútùú rẹ̀ ni kò tọ́. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ń fi sẹ́ńsọ̀ prẹ́ṣọ̀ ṣírò epo, àtẹ epo náà ti ní prẹ́ṣọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ní eré ẹ́ńjìnnì ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìlà kan wà fún 160 kPa (100 kPa ni bar kan), ìlà kan fún 180, ìlà kan fún 200, ìlà kan fún 220. Nígbà tí ẹ bá yí nọ́ọ̀bù sókè, ẹ́ńjìnnì á kúrò ní ìlà kan bọ́ sí òmíràn lórí àtẹ kan náà, àtẹ àsìkò iná plọ́ọ̀gì á sì bá a lọ. Kò sí ìdí fún àtẹ mẹ́wàá. Ohun tó pọn dandan ni pé kí ẹnì kan ti tò gbogbo ìlà wọ̀nyẹn, títí dé òkè pátápátá, kí ó sì tún lé e díẹ̀. Ewu tó wà ni pé ẹni tó tò ó lè jẹ́ pé 0.7 nìkan ló tò, tó wá fi ojú ìwòye kún àwọn ìlà tó wà lókè. Nígbà tí kò sí nọ́ọ̀bù, ẹ́ńjìnnì ò ní débẹ̀ láéláé. Nọ́ọ̀bù ló máa gbé e débẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò tíì wò rí. Bó bá jẹ́ pé ipò throttle (ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ tí ẹsẹ̀ yín ń ṣí) ni kọ̀ǹpútà yín fi ń ṣírò epo, tí kò bìkítà fún prẹ́ṣọ̀, nígbà náà ọ̀rẹ́ yín gba ìdúpẹ́: boost á yí, epo ò ní mọ̀.

Ẹ wo sẹ́ńsọ̀ prẹ́ṣọ̀ náà kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ti jẹ́ nǹkan bí 101 kPa ní ìpele òkun, torí náà boost 1.2 bar jẹ́ bíi 221 kPa tí a bá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Sẹ́ńsọ̀ tó ń ka dé 250 lè rí i, àmọ́ bíi 0.3 bar péré ló kù lókè kí ojú rẹ̀ tó fọ́. Bí róbà wastegate bá já tí boost fò dé 1.6, sẹ́ńsọ̀ á ṣì máa sọ 250, epo á sì máa jáde fún 250 nígbà tí afẹ́fẹ́ ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó ń ka dé 300 ni mo fọwọ́ sí fún yín. Ẹ tún wo injector, ohun tó ń tú epo sínú ẹ́ńjìnnì: tí ó bá ti ń ṣí ju ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ní boost tó kéré, kò sí ibi tó fẹ́ gbé epo ti 1.2 gbà.

Ọ̀rọ̀ ooru wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í kà sí. Láti 0.6 dé 1.2 bar, afẹ́fẹ́ tó wọlé á fi bí ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, bí ẹ bá lè mú un tutù dọ́gba. Wàhálà wà nínú "bí" yẹn. Nígbà tí afẹ́fẹ́ ìta bá jẹ́ 20°C, tọ́bò tó ń ṣiṣẹ́ ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún á tú u jáde ní nǹkan bí 80°C ní 0.6, ní 1.2 á sún mọ́ 125°C. Intercooler yín, ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù, ló máa ru ìyàtọ̀ yẹn, bó bá sì jẹ́ kékeré tó bá ọkọ̀ wá ni, á rù ú ní ìgbà àkọ́kọ́, á rù ú ní ìgbà kejì, lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀ á gbóná. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ń jẹ́ kí epo bú láìtọ́jọ́ nínú sílíńdà, ìbú àìtọ́jọ́ yìí ló ń fọ́ ẹnu písítìnì. Torí náà ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa yọ nínú àfojúsùn fúnra rẹ̀ bí sẹ́ńsọ̀ ooru afẹ́fẹ́ bá ti kọjá ibì kan, nọ́ọ̀bù ì báà wà níbi yòówù. Kí nọ́ọ̀bù jẹ́ ẹ̀bẹ̀ tí ẹ ń bẹ kọ̀ǹpútà, kí kọ̀ǹpútà sì lè kọ̀.

Ó yá, wáyà. Nọ́ọ̀bù náà jẹ́ potentiometer (resistor, ìyẹn ohun tó ń dín ìṣàn iná kù, tó ṣeé yí) ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, 5 kilo-ohm, èyí tó ń yí déédéé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má lo ti ohùn rédíò, torí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe òun kó má yí déédéé. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí 5 fóltì tí kọ̀ǹpútà ń fún àwọn sẹ́ńsọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kejì lọ sí ilẹ̀ sẹ́ńsọ̀, kì í ṣe ara ọkọ̀, ti àárín lọ sí ojú ìsowáyà yín. Kí ẹ rí i dájú pé ojú yẹn jẹ́ ti fóltì lóòótọ́. Àwọn tí wọ́n ṣe fún sẹ́ńsọ̀ ooru ní resistor nínú tó ń fa fóltì lọ sókè, nọ́ọ̀bù á sì máa ka ìkàkukà ní àárín. Ohun tí èmi máa ń ṣe, tí mi ò rí kí ọ̀pọ̀ ṣe, ni pé mo máa ń fi resistor 470 ohm kan sí ojú ọ̀nà 5 fóltì àti òmíràn sí ojú ọ̀nà ilẹ̀, lẹ́bàá kọ̀ǹpútà. Pẹ̀lú ìyẹn, nọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ pátápátá á máa ka nǹkan bí 0.4 fóltì, ti òkè pátápátá á máa ka bíi 4.6. Ohunkóhun tó bá kéré ju 0.3 tàbí tó ju 4.7 lọ, wáyà ló ti já tàbí ló ti kan ara, ẹ sì ní kí kọ̀ǹpútà padà sí boost tó kéré jù. Resistor kan náà ló tún ń gba ẹ́ńjìnnì là bí wáyà 5 fóltì bá bó lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù tó fara kan irin: 5 fóltì yẹn ni sẹ́ńsọ̀ throttle àti ti prẹ́ṣọ̀ náà ń lò, bó bá sì ṣubú, ẹ́ńjìnnì á kú mọ́ yín lọ́wọ́ lójú títì nítorí nọ́ọ̀bù. Ẹ tún so resistor 100 kilo-ohm láti wáyà àárín sí ilẹ̀ sẹ́ńsọ̀, kí fóltì má baà máa rìn gbéregbère bí wáyà náà bá já.

Ọ̀nà kan náà ni kí ẹ fi so róbà solenoid: kí ó jẹ́ pé nígbà tí iná ò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbogbo prẹ́ṣọ̀ ń lọ sí wastegate. Fíùsì jó, wáyà já, ẹ ó padà sí 0.6. Mo ti bá ọkọ̀ pàdé tí wọ́n so ó lódìkejì, tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí di ọjọ́ tí púlọ́ọ̀gì solenoid yọ. Ẹ yọ ọ́ ní mímọ̀ọ́mọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ wo ibi tí boost dúró sí.

Ibi tó gbọgbẹ́ jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí ni ibi tí kọ̀ǹpútà yóò ti gé epo tàbí iná bí boost bá kọjá ààlà, kò sì sí ẹni tó máa ń béèrè nípa rẹ̀. Àwọn kan á fi ààlà kan ṣoṣo sí i, bíi 1.4 bar. Ó dáa bí nọ́ọ̀bù bá wà ní 1.2. Bí ẹ bá wá yí i sí 0.6 torí pé ẹ fura sí epo tí ẹ rà, tí róbà wastegate sì já, ẹ́ńjìnnì á gòkè láti 0.6 dé 1.4 kí ohunkóhun tó dá a dúró. Ẹni tó bá ronú á ní kí ààlà máa tẹ̀lé nọ́ọ̀bù: àfojúsùn pẹ̀lú 0.2. Èrò tó dára ni, ṣùgbọ́n pàkúté wà nínú rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: gíà kẹrin, ẹsẹ̀ yín wà nílẹ̀, boost 1.2. Ẹ na ọwọ́, ẹ yí nọ́ọ̀bù wálẹ̀ sí 0.6. Lójú ẹsẹ̀, ààlà di 0.8. Boost tó wà nínú páìpù ṣì jẹ́ 1.2, torí tọ́bò ò lè dúró lójú ẹsẹ̀. Kọ̀ǹpútà rí i pé boost ti kọjá ààlà, ó gé iná gbáà. Mo ti jókòó nínú ọkọ̀ tó ṣe bẹ́ẹ̀ nínú kọ́nà, ìdí ọkọ̀ náà fẹ́ lọ ṣíwájú orí. Ojútùú rẹ̀ rọrùn nínú kọ̀ǹpútà tó bá gba kí a kọ òfin sí i: kí ó má ka nọ́ọ̀bù àfi nígbà tí throttle bá wà nísàlẹ̀ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ lè yí nọ́ọ̀bù bí ẹ bá ṣe fẹ́, kò ní ṣẹlẹ̀ títí ẹ ó fi gbé ẹsẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà yín ò bá lè ṣe ìyẹn, ẹ fi ààlà sí ojú kan, kí ẹ sì mọ̀ pé ní boost kékeré, ààbò yẹn ò tó.

Fáàlù oní-sípíríǹgì tí ọ̀rẹ́ yín àkọ́kọ́ sọ, mi ò ní bú u. Bọ́ọ̀lù kékeré àti sípíríǹgì ló wà nínú rẹ̀. Kì í jẹ́ kí prẹ́ṣọ̀ kankan dé ọ̀dọ̀ wastegate títí yóò fi tó iye kan, ìdí nìyẹn tí tọ́bò fi máa ń tètè jí pẹ̀lú rẹ̀. Kò nílò wáyà, kò nílò títò duty nínú kọ̀ǹpútà, owó rẹ̀ ò pọ̀. Fún ẹni tó fẹ́ boost kan ṣoṣo tí kò ní yí mọ́, kò burú. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kò lè yọ nínú boost nítorí ooru tàbí gíà, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ sì ti máa lọ yí i. Gbígbé e wọ inú ọkọ̀ kí ọwọ́ lè tó o túmọ̀ sí róbà gígùn, róbà gígùn sì túmọ̀ sí pé wastegate á máa gbọ́ ọ̀rọ̀ pẹ́, boost á máa fò kọjá. Ẹ ti ní solenoid àti kọ̀ǹpútà tó mọ̀ ọ́n lò. Kí lẹ fẹ́ fi fáàlù ṣe?

Nípa àwọn tó máa sọ fún yín pé àwọn awakọ̀ Formula 1 ti ní nọ́ọ̀bù boost rí: òótọ́ ni. Renault gbé tọ́bò wọ ìdíje yẹn ní Silverstone ní 1977, jálẹ̀ àwọn ọdún 1980 àwọn awakọ̀ sì ń yí boost sókè láti fi wá ipò tàbí láti fi lé ẹni kọjá, wọ́n á yí i wálẹ̀ kí epo lè tó wọn délé. Àwọn alákòóso fi ààlà 4 bar sí i ní 1987, wọ́n sọ ọ́ di 2.5 ní 1988, wọ́n sì fòfin de tọ́bò láti 1989 títí dé 2013. Àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ yẹn ní ẹ́ńjìnnì mìíràn nínú ọkọ̀ ẹrù lẹ́yìn. Ti yín ni ẹ máa wà lọ sílé.

Ní tòótọ́, èmi ò ní fi nọ́ọ̀bù tó ń yí gbéregbère sí i. Súwíìsì yíyí oní-ipò mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni mo fẹ́ràn, tó ní resistor lára ipò kọ̀ọ̀kan kí ó lè fún kọ̀ǹpútà ní fóltì tó dá yàtọ̀ fún boost kọ̀ọ̀kan: 0.6, 0.9, 1.2 bar. Ìdí ni pé ẹni tó ń tò ó á lè dán ipò kọ̀ọ̀kan wò pátápátá, ìka yín á sì mọ ibi tí ẹ wà láìwo ilẹ̀. Láàárín 0.85 sí 0.9, ara yín ò ní mọ ìyàtọ̀ kankan. Súwíìsì tún ń jẹ́ kí ipò kan lè mú ohun mìíràn dání, èyí sì kan àwọn ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ. Bó bá jẹ́ nítorí òjò, boost kékeré á ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ yín lórí throttle ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀. Àtẹ àfojúsùn tó ń wo throttle, tí kì í fún yín ní gbogbo boost àfi tí ẹsẹ̀ bá délẹ̀, ń ṣe é ju nọ́ọ̀bù lọ. Bó bá jẹ́ nítorí ẹlòmíì tó fẹ́ wà á, ẹni yẹn náà ní ọwọ́ tó lè yí nọ́ọ̀bù. Ẹ fi súwíìsì oníkọ́kọ́rọ́ sí i, tàbí kí ẹ gbé e sí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bó bá sì jẹ́ nítorí epo tí kò dára, ẹ má jẹ́ kí boost kékeré tàn yín: àsìkò iná tí wọ́n tò fún epo dáradára lè jẹ́ kí epo burúkú bú láìtọ́jọ́ ní 0.6 pàápàá. Kí ipò tó kéré jù náà fa àsìkò iná sẹ́yìn díẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Saab ti jẹ́ kí ọkọ̀ gbọ́ ìbú àìtọ́jọ́ kó sì yọ nínú boost fúnra rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ní sẹ́ńsọ̀ ìgbọ́ yẹn, ẹ so ó kí ẹ tó so nọ́ọ̀bù.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan há a fún àwọn tó ń kà á tí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ ṣì wà nínú ọkọ̀ wọn. Ohun tí mo ń sọ yìí ò bá yín mu tààrà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun kì í ka ẹsẹ̀ awakọ̀ sí ìbéèrè boost. Agbára tí awakọ̀ ń fẹ́ ni wọ́n ń ṣírò, lẹ́yìn náà iye afẹ́fẹ́ tó máa mú un wá, lẹ́yìn náà ni boost. Bí ẹ bá yí ìparí láìyí ìbẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà á pa throttle dé láti fi gba padà ohun tí ẹ fi kún un. Àpótí kékeré tí wọ́n ń so mọ́ sẹ́ńsọ̀ prẹ́ṣọ̀ kó máa parọ́ fún kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ níwọ̀nba, ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ tó ń parọ́ ni yóò tún máa sọ bí epo ṣe máa pọ̀ tó.

Ẹ padà sí ti yín. Ẹ so wastegate tààrà láìsí solenoid, ẹ wa ọkọ̀ náà ní gíà kẹta láti eré kékeré dé eré gíga, kí kọ̀ǹpútà máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹ ṣe é níbi tí ó bófin mu, pápá tàbí dyno (ẹ̀rọ tí ọkọ̀ ń sáré lórí rẹ̀ láìkúrò lójú kan). Boost tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni ìsàlẹ̀ yín. Bó bá ń gòkè fúnra rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré, ilẹ̀kùn wastegate kéré jù fún èéfín yín, kò sì sí nọ́ọ̀bù tó lè wo ìyẹn sàn. Lẹ́yìn náà ẹ so solenoid, ẹ tò duty láìsí àtúnṣe kọ̀ǹpútà, díẹ̀díẹ̀, ní ipò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa wo epo pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ wideband, èyí tó ń wo èéfín láti mọ bí epo àti afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó síra. Àtúnṣe kọ̀ǹpútà tẹ̀lé e, ààlà gígé tẹ̀lé e, nọ́ọ̀bù ló kẹ́yìn. Ohun tí mi ò lè sọ láti ibi tí mo jókòó sí ni bóyá písítìnì, rọ́ọ̀dù àti gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì yín máa gba 1.2, tàbí bóyá tọ́bò yín ò ti kọjá ibi tó ti ń fẹ́ ooru ju afẹ́fẹ́ lọ kó tó débẹ̀. Ẹni tó bá fi ọwọ́ kan ọkọ̀ náà ló lè dáhùn ìyẹn. Ẹ kọ orúkọ tọ́bò náà, irú wastegate rẹ̀ àti agbára sípíríǹgì rẹ̀ fún un kí ẹ tó ra nọ́ọ̀bù kankan.